Wọ́n Ní Ọkàn Ló Pa Araceli

Araceli Insaurralde kú ní Sátidé tó kọjá, lórí koríko pápá ẹgbẹ́ Barranca Sur, ní Corrientes tiwa yìí, ní àkókò oorun ọ̀sán tí ajá pàápàá kì í kúrò lábẹ́ igi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí ẹgbẹ́ fi kéde pé àìsàn ọkàn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ló pa á.

Kíákíá bẹ́ẹ̀? Dókítà kò tíì yẹ òkú wò tán, ẹ̀yin ti mọ ohun tó pa á? Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà láàyè, ẹ wá di ọ̀mọ̀ràn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń rùn sí mi.

Mainumby là ń pè é, ìyẹn ẹyẹ kékeré tó máa ń dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, tó ń fa oje òdòdó mu. Bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an nìyẹn. Àárín ló máa ń wà, lẹ́yìn àwọn atamátàsé, pẹ̀lú nọ́mbà mẹ́wàá lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Á dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ á sún mọ́ ọn, bọ́ọ̀lù á sì ti gba àárín ẹsẹ̀ onítọ̀hún kọjá. Orí iyanrìn etí odò Paraná ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù, láàárín àwọn ọmọkùnrin tó máa ń pariwo mọ́ ọn pé, "Lọ bá ìyá ẹ yan chipá!", búrẹ́dì wàràkàṣì ilẹ̀ wa. Á ní, "A ti yan án tán. Ẹ̀yin ni mo wá jẹ."

Ẹgbẹ́ ńlá kan ní Buenos Aires mú un lọ. Ọdún méjì ló lò níbẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn olú ìlú sì ń pọ́n ọn lé. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀, Doña Eulogia, ó palẹ̀ mọ́, ó wá sílé. Barranca Sur yọ̀ mọ́ ọn bí ẹni rí wúrà he. Wọ́n lẹ àwòrán ojú rẹ̀ gàdàgbà mọ́ ara bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ni bọ́ọ̀sì náà ń gbé. Àwọn ọkùnrin náà ló ni ìrọ̀lẹ́, tí atẹ́gùn ń fẹ́ tí iná pápá ń tàn. Oòrùn ọ̀sán gangan ni wọ́n pín fún àwọn obìnrin.

Mo wà níbẹ̀ ní Sátidé náà, lórí àtẹ̀gùn símẹ́ǹtì, tereré tútù, ewé tí a fi omi yìnyín rẹ, lọ́wọ́ mi. Tamara Gauna, tó ń ṣọ́ ilé góòlù fún wọn, ló sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún mi.

"Chamiga, ọ̀rẹ́ mi, ojú mi ń ṣú," ni Araceli wí.

"Jókòó, jàre! Jẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ."

"Ta ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò mi? Góòlù kan péré ló kù ká borí."

Kò pẹ́ tó fi ṣubú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ aṣọ, wọ́n fi ṣíji bò ó. Rẹfirí ń ké pe àńbúláǹsì. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo wo ẹ̀yìn ilé góòlù méjèèjì. Kò sí àńbúláǹsì kankan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó wá já ẹrù ọsàn sílẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, Tamara gbé orí rẹ̀ lé itan. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ó ti dákẹ́.

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, ẹgbẹ́ gbé fọ́tò kan jáde: àńbúláǹsì rèé lẹ́yìn ilé góòlù, ó wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ eré. Mo wo fọ́tò náà títí. Òjìji òpó góòlù gùn dé àárín pápá. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá wà lókè orí, òjìji kì í kọjá bàtà ẹni; àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gùn bẹ́ẹ̀. Mo gba ọ́fíìsì Don Anselmo Virasoro, ààrẹ ẹgbẹ́, lọ.

"Don Anselmo, ìgbà wo lẹ ya fọ́tò yìí?"

"Nígbà tí eré ń lọ."

"Òjìji yìí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Oníròyìn, o ti wá di awòràwọ̀?"

"Rárá o. Mo kàn ní ojú ni."

"Gbọ́, ọmọ yẹn ti ní àrùn ọkàn tipẹ́."

"Àṣé ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ fi gbé e sínú oòrùn?"

Ó wo aago. Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun ní ìpàdé.

Mo gbọ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́ àwọn ọkùnrin ti ìrọ̀lẹ́ ni àńbúláǹsì náà ti lọ dúró dè lọ́jọ́ náà, ní òdìkejì afárá odò Paraná. Àwọn méjì ló sọ fún mi, àwọn méjèèjì ló sì bẹ̀ mí kí n má dárúkọ wọn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù?

Ní ọjọ́ Wẹ́sídé, Virasoro gbé òdòdó lọ bá Doña Eulogia. Èmi àti Tamara wà nínú ilé.

"Doña Eulogia, a máa fi orúkọ Araceli sọ yàrá tí àwọn obìnrin ti ń múra."

"Èyí tí kò ní omi yẹn?" ni Tamara bi í.

Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè pé ká dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan ṣì kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere.

"Anselmo, èmi ni mo sọ ọmọ mi lórúkọ, mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ ẹni tó ní kí àńbúláǹsì máa lọ ni mi ò mọ̀. Ìyẹn ni kí o lọ kọ sára ògiri."

Virasoro gbé òdòdó sílẹ̀, ó jáde.

Agbẹjọ́rò ìjọba, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ pe awakọ̀ àńbúláǹsì náà. Ẹ pe Virasoro. Ẹ pe ẹni tó ya fọ́tò. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ bi wọ́n, kí wọ́n má baà fẹnu kò síbì kan. Wọ́n tún ti fi eré àwọn obìnrin sí ọ̀sán gangan lọ́la, Tamara àti àwọn yòókù sì ti pinnu láti jókòó sórí koríko, kí wọ́n má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, títí ẹnìkan á fi dá ìyá yẹn lóhùn. Èmi náà á lọ jókòó tì wọ́n. Ẹni tó bá ní ọwọ́ òun mọ́, kó wá fi hàn wá níbẹ̀, lójú oòrùn.