Omi Tó Rà Bí Ẹja

Imú obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í gbóòórùn. Ìgbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni ibà àti ọ̀fìnkìn kan dá a wólẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, gbogbo nǹkan ló padà sípò àfi imú. Ọṣẹ ni o, òdòdó ni o, ààtàn ni o, bákan náà ni gbogbo wọn rí fún un. Àbúrò ìyá rẹ̀, obìnrin aránṣọ kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ló tọ́ ọ dàgbà. Òun ló sì máa ń bá a gbóòórùn ọbẹ̀ àná kó tó fi kan ẹnu.

“Fi ìyẹn sílẹ̀,” aránṣọ á ní, “ó ti ń bínú.”

Nígbà tí ọmọbìnrin náà kàwé tán, tó wá sọ pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ ẹja wò ló gba òun síṣẹ́, aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó.

“Ibi tí gbogbo ayé ti ń fọwọ́ di imú! Ìwọ tí o ò ní imú gan-an ni wọ́n ń wá.”

Iṣẹ́ náà sì bá a mu lóòótọ́, nítorí kì í ṣe imú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹja tó bá ti ń bàjẹ́ máa ń ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí wọ́n ń pè ní amóníà, òun àtàwọn ẹbí rẹ̀. Iye rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Àwo gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà, ó ní ògiri kékeré láàárín, bí ìgbà tí èèyàn kọ́ yàrá kan sáàárín àgbàlá. Inú yàrá náà ni wọ́n ń da ásíìdì tí kò le sí, pẹ̀lú aró díẹ̀ tó mú kó pupa rẹ́súrẹ́sú. Àgbàlá ni wọ́n ń da omi ẹja tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì ti sẹ́ sí. Wọ́n á wá da omi kan tó jọ omi káún lé e, kíá, wọ́n á fi ọmọrí tí wọ́n ti fi gírísì pa létí dé e pa. Omi bíi káún yìí ló ń lé amóníà jáde kúrò nínú ẹja. Kò rí ọ̀nà gbà jáde síta, nítorí náà á gbéra díẹ̀díẹ̀, á fo ògiri, á bọ́ sínú yàrá, ásíìdì á sì gbé e mì. Ohun tó pupa á di àwọ̀ ewé.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí á fi ọ̀pá gíláàsì gbọọrọ kan tó ní ẹnu bíi ti ẹ̀rọ omi kán ásíìdì mìíràn sínú yàrá náà, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, títí àwọ̀ ewé á fi padà di pupa. Bí ohun tó kán sí i bá ṣe pọ̀ tó ni amóníà ẹja náà ṣe pọ̀ tó. Bí wọ́n bá ní kó wá jẹun, “ẹ̀kán kan ló kù” ni èsì rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn láti máa lọ sílé, “ẹ̀kán kan ló kù.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ẹ̀kán-Kan, kò sì sẹ́ni tó tún ń pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníṣòwò ẹja kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Yìnyín kún un bámúbámú. Wọn ò ní jẹ́ kó já ẹja náà sí ilé òtútù láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

“Màdáámù,” ọkùnrin náà wí, ó ń yangàn, “ẹja yìí ò tíì mọ̀ pé òun ti kú!”

Ẹ̀kán-Kan rẹ́rìn-ín, ó mú díẹ̀ nínú ẹja náà wọlé, ó lọ̀ ọ́, ó to àwọn àwo rẹ̀. Bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, ó ṣe àwo kan tí kò ní ẹja nínú rárá, omi lásán ni, kó lè dá a lójú pé àwọn ohun èlò òun mọ́. Nígbà tí àsìkò tó, ó ṣí àwo ẹja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹ̀kán ń lọ, àwọ̀ ewé ò yẹsẹ̀. Nígbà tó fi máa pupa, ohun tó ti kán tó ti ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Ó bojú wo ìta láti ojú fèrèsé. Ojú ẹja ń dán, ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó wá ṣí àwo omi lásán. Àwọ̀ ewé ni.

Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni ọ̀gá yìí, ó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣaláìsí láti ọjọ́ pípẹ́.

“Ẹja náà ti bàjẹ́ nìyẹn,” ọ̀gá wí nígbà tó wo àwo àkọ́kọ́. “Ní kó máa gbé e lọ.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, omi náà ti bàjẹ́.”

“Omi wo?”

“Omi lásán, tí kò fojú kan ẹja rí. Díẹ̀ ló kù kó rà tó ẹja.”

Ọ̀gá wo àwo kejì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún fi í sójú. “Omi kì í rà.”

“Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà.”

“Omi àná ńkọ́?”

“Omi àná mọ́ kedere.”

“A ò lè sọ pé ẹja ẹlẹ́ja bàjẹ́ nígbà náà. Wádìí ibi tí amóníà yìí ti wá.”

Ẹ̀kán-Kan jáde lọ bẹ oníṣòwò kó ní sùúrù. “Màdáámù, èmi lè ní sùúrù,” ọkùnrin náà wí, kò rẹ́rìn-ín mọ́, “yìnyín mi ni ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà padà wọlé. Ṣé òun ni kò fọ àwo dáadáa? Ó tún gbogbo wọn fọ̀. Ó dùn ún pé imú òun ò ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n ní amóníà máa ń ta sí imú bí ata. Ó bẹ obìnrin tó ń gbálẹ̀ kó bá òun gbóòórùn yípo. Obìnrin náà fa imú títí.

“Ẹja ni mò ń gbọ́ o. Àbí kí ló tún kù téèyàn ń gbọ́ níbí?”

Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n kan wá sí i lọ́kàn. Bí amóníà bá ń rìn kiri nínú afẹ́fẹ́, kí wọ́n dẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ eku. Ó bu ásíìdì pupa náà sínú àwo kéékèèké, kò dé wọn. Ó gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, ó gbé ọ̀kan sórí tábìlì, ó gbé ọ̀kan sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó wá gbé ọ̀kan sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ń gbé omi àyẹ̀wò sí. Ó jáde lọ bá oníṣòwò jókòó, wọ́n jọ jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó padà wọlé, gbogbo àwo ló ṣì pupa, àfi ti yàrá ẹ̀yìn. Ìyẹn ti tutù yọ̀yọ̀ bí ewé.

Garawa omi tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo àwo, ti ẹja àti ti omi lásán, wà níbẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi bò ó. Amóníà sì fẹ́ràn omi bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lókè garawa. Ó ṣí i. Ó rí jígí kékeré kan, ìyarun kan, búrọ́ọ̀ṣì, abọ́ kan tí nǹkan dúdú ti gbẹ mọ́, àti ìgò dáì irun tí wọn ò dé. Ó mọ̀ pé amóníà máa ń wà nínú dáì irun.

Ó ronú. Òun di irun ni. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ máa ń gé tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá rántí pé láti bí ọjọ́ mélòó kan ni orí ọ̀gá ti dúdú bí èédú. Òun rò pé ìsinmi tó lọ ló bá a lára mu ni.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan nípa orí yín...”

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ọ̀gá ti wà lórí.

“Láàárọ̀ yìí ni mo tún un kùn,” ó wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Mo ṣí fèrèsé o! Bí mo bá kùn ún nílé, àwọn ọmọbìnrin mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló da omi garawa nù, tó sì lọ gbé kẹ́ẹ̀gì tuntun tí wọ́n dé pa wá láti ilé ìpamọ́. Wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Àwo omi lásán dúró ní pupa. Ti ẹja yí àwọ̀ díẹ̀, ẹ̀kán bíi mélòó kan péré ló sì dá a padà.

“Ẹ gbé ẹja yín lọ sílé òtútù, ó dára púpọ̀,” ọ̀gá lọ sọ fún oníṣòwò.

“Ṣebí mo ti sọ fún yín!” Ọkùnrin náà fò sórí ọkọ̀ rẹ̀. Títí dòní, kò mọ̀ pé irun orí ló fẹ́ ba ọjà òun jẹ́.

Nígbà tí Ẹ̀kán-Kan délé, ó rò ó fún aránṣọ. Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró.

“Ọ̀gá rẹ ń kun irun? Nítorí ta ni?”

“Kò sọ, Màámi.”

Aránṣọ tẹrí ba, ó ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ tí òwú ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kán-Kan gbójú sókè, ó rí ṣòkòtò kan lórí ìkọ́. Ó mọ ṣòkòtò náà. Ọ̀gá ló ni ín.

“Màámi, kí ló ṣe ṣòkòtò yìí?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n dín in kù, mo dín in kù. Ó gbé e padà wá, ó ní kí n tú u. Ó tún ti gbé e wá báyìí, ó ní kí n kàn bá òun wò ó.”

Ariwo ẹ̀rín tí Ẹ̀kán-Kan pa, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ. Aránṣọ ju aṣọ lù ú.

“Ìwọ ọmọ yìí, pa ẹnu dé! Sọ fún un pé kó jẹ́ kí irun rẹ̀ funfun. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, n kì í wo orí.”

“Ẹ sọ fún un fúnra yín, Màámi. Ẹja ni wọ́n ní kí èmi máa yẹ̀ wò.”

Aránṣọ sì sọ ọ́ fún un. Fún ìgbà díẹ̀, orí ọ̀gá jẹ́ àwọ̀ méjì, funfun nísàlẹ̀, dúdú lókè, kò sì jẹ́ kíyẹn yọ òun lẹ́nu. Kí ọdún tó yí po, wọ́n gbéra wọn níyàwó láìpariwo, ọ̀gá sì kó wá sílé aránṣọ torí pé ẹ̀rọ ìránṣọ kò ṣeé gbé kiri. Ẹ̀kán-Kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọ̀gá níbi iṣẹ́ àti bàbá nílé. Lọ́jọ́ kan tí àwọn àlejò pàtàkì wá wo ilé iṣẹ́ wọn, ó gbàgbé, ó kígbe láti ìdí àwo rẹ̀ pé, “Bàbá, ẹ wá wò ó!” Ọ̀gá ti jẹ́ “hẹn, ọmọ mi” kó tó rántí ibi tí wọ́n wà.