Ìjánu Jíìpù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní jíìpù kan tí àwọn ọmọ ogun Faransé lò tì. Òun ló fi ń kó aṣọ àlòkù láti ọjà Misẹ̀bò lọ sí àwọn ọjà oko tí kamiọ́ọ̀nù, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, kò lè dé. Lọ́jọ́ kan, ìdì aṣọ já lé e lórúnkún ọ̀tún. Egungun jinná, ṣùgbọ́n agbára kò padà sí ẹsẹ̀ náà mọ́. Jíìpù àtijọ́ sì nìyẹn: kó tó dúró, àfi kí o fi gbogbo ara tẹ ìjánu rẹ̀. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ní kó gba awakọ̀. Ó ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá wa jíìpù òun, kí wọ́n kúkú gbẹ́ ilẹ̀ fún òun.

Mẹkáníìkì ni mí ní Akpakpa nígbà náà. Ó wá bá mi.

"Àbúrò, wọ́n ní ìjánu kamiọ́ọ̀nù tuntun rọ̀ débi pé ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́. Ṣe irú ẹ̀ fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n, jíìpù yín ti dàgbà jù fún un."

"Èmi náà ti dàgbà. Ṣe é."

Mo tú ohun èlò náà lára kamiọ́ọ̀nù kan tó ti bàjẹ́ sí Godomey. Agolo irin ribiti ni, ó tó ìkòkò ọbẹ̀. Rọ́bà kan so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fa afẹ́fẹ́, fífà yẹn ni agolo náà fi ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jó irin, tí mo fi tẹ páìpù. Nígbà tó dán an wò nínú ọgbà mi, ó fẹsẹ̀ kàn án díẹ̀, jíìpù dúró gbagidi, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Mo kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan, mo gbàgbé ẹyọ kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjánu náà yóò rọ̀, lẹ́yìn náà yóò le bí òkúta. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé gbogbo àwa awakọ̀ la máa ń pa ẹ́ńjìnnì bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Akpakpa, kí epo má bàa tètè tán. A tilẹ̀ máa ń figagbága, ta ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò yí jìnnà jù. Ó ti mọ́ wa lára débi pé n kò kà á sí nǹkan.

Ní ọjọ́ kẹta ó pa ẹ́ńjìnnì lórí afárá. Ó tẹ ìjánu lẹ́ẹ̀kan, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja bọ́ sójú ọ̀nà nísàlẹ̀ afárá, kò rí i tẹ̀ mọ́. Ó yí ọkọ̀ lu igi àgbọn. Ẹnikẹ́ni kò kú.

Mo sáré débẹ̀. Mo wo kọ́kọ́rọ́: pípa ló wà. N kò bínú, n kò sunkún, mo kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ oníbàárà.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó di itan rẹ̀ mú. "Iṣẹ́ rẹ dáa, àbúrò. Ẹsẹ̀ yìí ló dà mí."

Mo lanu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Kò wakọ̀ mọ́. Ó gba awakọ̀, ó wá ń jókòó síwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní Misẹ̀bò láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Tèmi kò tọ̀ mí. Òun ló tọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá mẹkáníìkì, ọ̀dọ̀ mi ló ń darí wọn sí, pé ọwọ́ mi kò lábùkù. Wọ́n wá lóòótọ́, mo sì ṣe irú ìjánu yẹn fún wọn. Gbogbo wọn ni mo kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má pa ẹ́ńjìnnì lórí afárá. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni n kò sọ ọ́ fún, títí tó fi kú.