Ìbejì Kan Lórí Itan Mi, Kẹ̀kẹ́ Mi Lórí Pèpéle

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló dúró sí sọ ọ́. Èmi tí wọ́n gbé pọ̀n láti kékeré, mo mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú èémí ẹni tó gbé mi, òógùn ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa rin ẹ̀wù mi. Bí èémí náà bá ti ń le sí i, ọ̀rọ̀ a máa dín lẹ́nu mi. Ta ló ń bá ẹ̀yìn tó wà lórí rẹ̀ jà?

Ìgbó-Ọrà ni wọ́n bí mi sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ mi kí n tó mọ̀ ọ́n lò, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jẹ́ àgbẹ̀ ló sì ń gbé mi kiri títí mo fi hu irùngbọ̀n. Láàárín ọdún tí àwọn ológun tún gba ìjọba padà lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, wẹ́dà àdúgbò wa fi táyà bàsíkùlù àti irin bẹ́ẹ̀dì àlòkù ṣe kẹ̀kẹ́ arọ fún mi. Kẹ̀kẹ́ náà lágbára, àmọ́ kò ṣe é ká. Bí àwọn onímọ́tò tó ń gba Èrúwà lọ sí Ìbàdàn bá ti rí i, orí ni wọ́n á máa mì: "Ibi àpò gààrí nìyẹn o." Wọ́n á sì já wa sílẹ̀.

Bàbá kan wà ní Omi-Àdìó, létí ojú irin, tó ń tún rédíò ṣe. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé òun lè kọ́ mi níṣẹ́, ó ní ọwọ́ la fi ń tún rédíò ṣe, a kì í fẹsẹ̀ tún un ṣe. "Ṣùgbọ́n mi ò ní ẹni tí yóò máa lọ gbé e wá. Bó bá lè máa dá wá ní Mọ́ńdè, kó máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù, kó sì máa dá lọ sílé ní Jímọ̀, kó wá. Bí kò bá lè dá wá, kó jókòó sílé."

Ọkọ̀ rélùwéè nìkan ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé mi dé ibùdó rélùwéè ní Láfẹ́nwá, ó gbé mi sórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fa kẹ̀kẹ́ mi lé gáàdì, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń ṣọ́ ẹrù, lọ́wọ́ ní ọkọ̀ ẹrù ẹ̀yìn pátápátá, ó ní kó bá mi gbé e sílẹ̀ ní Omi-Àdìó. Ó padà wá wò mí lójú fèrèsé.

"Ṣé wàá lè ṣe é?"

"Màá ṣe é."

Kò tíì lọ tán tí bàbá aláta kan fi gbé agbọ̀n rẹ̀ síwájú mi. "Ọ̀gá, ẹ bá mi fẹsẹ̀ tì í, kó má ṣubú. Ẹ̀yin kò kúkú ní dìde." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí ẹlòmíì ṣe gbé àpò láfún ti agbọ̀n nìyẹn, tí ẹlòmíì so adìẹ mọ́ ẹsẹ̀ ìjókòó mi, "Ẹ bá wa máa wò ó o," títí ẹrù fi ga dé àyà mi.

Ibi tí mo há sí nìyẹn tí obìnrin ará Ìdèrè kan fi dé, ó pọn ọmọ kan, ó gbé ìkejì rẹ̀ lápá, ó ru ẹyin sísè lórí. "Bọ̀dá, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi gbé ìkan yìí kí n fi ẹyin yìí lọ káàkiri ọkọ̀." Kí n tó la ẹnu, ọmọ ti wà lórí itan mi. Ta ni yóò sì kọ ìbejì ní ilẹ̀ wa? Ẹni tí ìbejì bá bà lé lórí itan, ẹni ire ni wọ́n ń pè é.

Ọkọ̀ gbéra. Ọmọ náà sùn, ó tọ̀ sí mi lára, ìtọ̀ náà gbẹ. Mi ò lè yí síhìn-ín, mi ò lè yí sọ́hùn-ún. Fèrèsé nìkan ni mo ń wò, mò ń retí Omi-Àdìó bí ẹni ń retí ilẹ̀ mọ́.

Omi-Àdìó dé. Ọkọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. Bàbá aláta ti ń gbé ẹrù kúrò kó lè gbé mi, ló bá rí ọmọ.

"Tiyín ni?"

"Ti Ìyá Ìbejì ẹlẹ́yin ni. Ẹ bá mi gbà á."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Èmi kọ́! Ọmọ ọlọ́mọ? Kí ìyá ẹ̀ dé kó má bá a lọ́wọ́ ẹni tó fi í sí?"

Ìyá arúgbó kan dá sí i: "Ẹni tí wọ́n gbé ọmọ fún ni yóò gbé e padà."

Wọ́n ké "Ìyá Ìbejì o!" títí, kò sí ẹni tó dáhùn. Lójú fèrèsé ni mo ti rí gáàdì tó gbé kẹ̀kẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí pèpéle sìmẹ́ńtì, tó dojú rẹ̀ kọ mí. Ó fọn fèrè. Ọkọ̀ gbéra. Mo ń wo kẹ̀kẹ́ mi títí ó fi kéré bí aláǹtakùn.

Ìgbà tí Ìyá Ìbejì dé, àwo ẹyin rẹ̀ ti ṣófo. "Ẹ kú ìtọ́jú o. Ṣé kò dà yín láàmú?"

"Mo ti kọjá ibi tí mò ń lọ."

Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Kí ló dé tí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi nígbà náà?"

Mo gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Kò kúkú fi mí sílẹ̀. Tòun tàwọn ìbejì rẹ̀ ló bá mi wọ takisí láti Ìbàdàn padà sí Omi-Àdìó. Dẹ́rẹ́bà gbé mi sọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kẹ̀kẹ́ mi wà níbẹ̀, oníbàárà kan jókòó sínú rẹ̀, ó ń jẹ àkàrà.

"Kẹ̀kẹ́ rẹ ti dé láti àárọ̀, wọ́n bá mi tì í wá láti orí pèpéle," bàbá náà wí.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo fà á. Ẹ má bínú sí wọn."

Bàbá ní kó dìde, ó sì kọjú sí mi. "Nígbà tó ń gbé ọmọ bọ̀, kí lo sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, sà."

"Bí oníbàárà bá gbé rédíò tó ti jóná wá, tó ní dandan kó sọ̀rọ̀ lọ́la, o ò ní sọ nǹkan kan fún un nìyẹn?" Ó mú irinṣẹ́ rẹ̀. "Tún wá ní Mọ́ńdè. Bí o kò bá tún bọ́ sílẹ̀ níbí, má wulẹ̀ dààmú mọ́."

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi tún gbé mi sínú rélùwéè ní Láfẹ́nwá, agbọ̀n ata ló sì tún kọ́kọ́ dé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má gbé e síwájú mi."

"Ẹ wo ẹnu arọ!"

Obìnrin kan pòṣé. "Abájọ tí Ọlọ́run fi gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì."

Wọ́n kó ẹrù wọn lọ síbòmíì. Àyè ṣí sílẹ̀ yí mi ká bí ẹni tó ní ìgbóná. Ẹ gbà mí gbọ́, àyè yẹn há mọ́ mi ju ẹrù lọ, nítorí àwọn tí mo kọ ẹrù wọn náà ni yóò gbé mi sọ̀.

Ọkọ̀ ń rọra lọ, Omi-Àdìó ti yọ. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀." Bàbá aláta ń wo ìta. Obìnrin yẹn ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀.

Mo di ẹsẹ̀ ìjókòó mú, mo já ara mi sílẹ̀. Èèpo ọsàn wà nílẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ wà níbẹ̀. Mo fìdí wọ́ lọ, àwọn ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ lé mi bí ìró tó tú. Ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ mira. Nígbà tó yá, ẹnì kan fa bàtà rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹlòmíì ní, "Ẹ yàgò fún un."

Mo sọ̀ kalẹ̀ sórí pèpéle pẹ̀lú ìgúnpá mi. Gáàdì ti gbé kẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Mo na ọwọ́ mú irin rẹ̀, oòrùn ti mú kó gbóná, mi ò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ ń lọ. Bàbá aláta yọ orí lójú fèrèsé: "Ọ̀gá, ó dàbọ̀ o!" Bóyá yẹ̀yẹ́ ni, bóyá ìkíni ni, mi ò mọ̀ títí dòní. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo yí i sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.