Agbádá Tí Mo Gé Lọ́jọ́ Kìíní

Mo rántí ìgbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Agbowó, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí oníbàárà ń wí, tí mo sì ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà" sí gbogbo rẹ̀. Kò sí aṣọ tí mi ò lè gbà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ọgbọ́n kan lé mi lọ́wọ́, ọgbọ́n burúkú tí ọ̀pọ̀ télọ̀ mọ̀: bí aṣọ bá ti dé, gé e lójú ẹsẹ̀, kódà bí o ò bá ní fọwọ́ kàn án mọ́ fún oṣù kan. Aṣọ tí a bá ti gé, ẹni tó ni ín ò lè gbé e lọ fún télọ̀ mìíràn. Mo kà á sí ọgbọ́n. Orí mi ò tíì pé nígbà náà.

Ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wá láti Akóbọ̀, àwọn àti ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Agbádá sányán ọkọ wọn tó ti dolóògbé ni wọ́n gbé wá. Ọmọ náà ń lọ sí Kánádà, wọ́n sì fẹ́ kí n fi agbádá yẹn rán gáùn fún un, kó lè máa rí nǹkan bàbá rẹ̀ wọ̀ lọ́hùn-ún.

"Télọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Tó ò bá ní ráyè, sọ fún mi o, kí n wá ẹlòmíì."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Ọ̀sẹ̀ méjì gan-an ti pọ̀ jù." Mo wọn ọmọ náà. Wọn ò tíì dé títì tí mo fi ti sísọ́ọ̀sì bọ agbádá.

Mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e sórí pẹpẹ. Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ. Àárọ̀ dalẹ́ ni mo ń tẹ maṣíìnì, ṣùgbọ́n aṣọ ẹni tó bá dúró lé mi lórí, tó ń pariwo, ni mo máa ń rán. Ìyá yìí kì í pariwo. Bí wọ́n bá pè mí, mo á ní ó ku kí n fi sípì sí i, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì so ọ̀kan mọ́ ìkejì. Òní ni n ó lọ, ọ̀la ni n ó lọ, tí kì í jẹ́ kí àlejò gbin awùsá, òun gan-an ló ń ṣe mí. Bí mo bá rí ọ̀rá yẹn, inú á bí mi sí ara mi, mo á sì yíjú kúrò níbẹ̀.

Ìgbà tó ku ọjọ́ méjì ni mo tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìkánjú tí mo fi gé e ti ba nǹkan jẹ́: apá kan kúrú ju èkejì lọ, kò sì sí aṣọ kankan tó ṣẹ́kù tí mo lè fi lé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló wọlé. Mọ́tò tó ń gbé e lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú dúró létí títì, ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé ìdí tí gáùn ò fi tíì parí: iná, maṣíìnì, orí tó ń fọ́ mi. Ó gbọ́ mi tán.

"Brọ̀dá, ẹ kó o fún mi bó ṣe wà."

Mo kó o fún un. Ó gbé apá kan sí imú. "Kò rùn bíi dádì mi mọ́," ó ní. "Epo maṣíìnì ló ń rùn."

Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ká ní wọ́n bú mi ni, ìbá sàn fún mi.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ra kàlẹ́ńdà ńlá kan, mo kàn án mọ́ ògiri: aṣọ tí kò bá ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí rẹ̀, mi ò gbà á. Kò rọrùn. Lóṣù àkọ́kọ́, irọ́ ṣì bọ́ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn oníbàárà kan sì bínú lọ nítorí mo ní mi ò ráyè.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá olùkọ́ yẹn gbé ànkárá wá. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo ti yàtọ̀. Mo sọ òtítọ́ fún wọn pé ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kí n tó lè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo kàlẹ́ńdà, wọ́n ká aṣọ wọn padà sínú báàgì. "Ó dáa. Ọjọ́ yẹn ni n ó gbé e wá."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dé. Wọ́n fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ mi, wọ́n jókòó, wọn ò sì gbójú kúrò lọ́wọ́ mi títí mo fi rán an tán. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.