Ojú Ìwé Tí Ọyẹ́ Ṣí

Ọyẹ́ ló tú àṣírí wa. Mo ti kọ̀wé sí adájọ́ àwọn ọmọdé pé Siaka, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, ti mọ̀wé kà, mo ti buwọ́ lù ú, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ọmọ náà jókòó síwájú mi lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà tí wọ́n ti ń tún ìwà àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ sófin ṣe ní Bouaké, ní ilẹ̀ Ivory Coast. Ó ń ka ìtàn apẹja kan fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́kànlá, geere bí omi. Ni ọyẹ́ bá fẹ́, ó ṣí ìwé náà síwájú ní nǹkan bí ojú ewé mẹ́wàá. Siaka ò fura. Ó tẹjú mọ́ ojú ewé tuntun yẹn, ó sì ń ka ti tẹ́lẹ̀ nìṣó láìṣi ọ̀rọ̀ kan.

"Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn?" ni mo bi í.

"Òun ni, Màdáàmù."

"Siaka, wo ìwé yẹn dáadáa."

Ó wò ó, ó wò mí, ó wolẹ̀.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Èmi Ràbí tí wọ́n bí sí àdúgbò N'Gattakro ní Bouaké níbí, tí bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta bàtà lọ́jà, ilé kéú ni mo kọ́kọ́ lọ kí n tó mọ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ Faransé. Mo há súrà bíi mélòó kan sórí kí n tó lè tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú wọn lórí wàláà. Ọmọ mùsùlùmí láti Béoumi ni Siaka, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ òun náà: gbọ́ ọ, há a. Ìwé ìtàn kan ṣoṣo la sì ní fún ọmọ méjìlá, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti gé iye owó sẹ́fà tí à ń ná sí méjì, ìwé ti di ọ̀wọ́n gógó. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn apẹja yẹn títí ó fi sú wọn. Mo rò pé ojú ló ń ṣiṣẹ́, etí ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Alùpùpù ni Siaka jí tí wọ́n fi mú un, ó sì kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, adájọ́ ń bọ̀. Bí ó bá mọ̀wé kà, yóò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan ní àdúgbò Nimbo. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn àgbà ló kàn. Èmi náà ò sì fọkàn balẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń pín àwa ará ìlú sí ojúlówó àti àlejò. Màdáàmù Anango ni wọ́n ń pè mí, torí Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó ń jẹ àkàrà ìyá mi láràárọ̀ sì ń béèrè káàdì ìdánimọ̀ mi láràárọ̀. Bí wọ́n bá wá gbọ́ pé Anango purọ́ fún adájọ́, iṣẹ́ mi tán nìyẹn.

"Màdáàmù, ẹ jẹ́ n ka èyí tí mo mọ̀ fún adájọ́," ni Siaka wí.

"Tó bá ní kí o ka òmíràn ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé òmíràn kò dùn."

Mo bínú délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó ń rẹ ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ràbí, ìwọ ńkọ́? Lẹ́yìn tí o há a tán, báwo ni àáfà ṣe jẹ́ kí ojú rẹ mọ̀ ọ́n?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Àáfà máa ń fi ọwọ́ bo wàláà, á yọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síta, á ní kí n sọ èwo ni. Màá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, màá máa kà á lábẹ́nú títí màá fi bá a níbẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo da ojú ewé tí Siaka há kọ sórí páálí, mo gé e ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo dà á rú sílẹ̀. "Tò ó bí ẹnu rẹ ṣe mọ̀ ọ́n." Ìlà mẹ́ta péré ló tò kí oòrùn tó mú. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń tò ó kíá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ìtàn tí èmi fúnra mi hun, ojú ewé kan lójúmọ́, mo sì ń gé e níbi tó bá ti dùn jù. Ó ń bínú sí mi, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ́kọ́ dé abẹ́ igi lọ́jọ́ kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i tó ń sáré bọ̀ láti ilé ìdáná, ẹ̀ṣọ́ ń lé e bọ̀, ó rò pé ọmọ náà fẹ́ sá lọ. Páálí ẹja gbígbẹ ló gbé dání.

"Màdáàmù, Béoumi ni wọ́n kọ síbí! Ìlú mi ni!"

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Àwọn ọmọ fò sókè, èmi náà fò, gèlè mi já bọ́. Ẹ̀ṣọ́ dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí adájọ́ dé, mo jẹ́wọ́ fún obìnrin náà kó tó jókòó pé àṣìṣe ni ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ. "Ẹ fi ohun tó bá wù yín dán an wò," ni mo wí. Adájọ́ tú fáìlì Siaka, ó fa lẹ́tà kan yọ nínú rẹ̀, ó nà án sí ọmọ náà.

Siaka fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. "Adájọ́... èmi ni... ìyá Siaka." Ó dúró. Akọ̀wé kan ní ọjà Béoumi ló bá ìyá rẹ̀ kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ọmọ náà rí pé lẹ́tà kankan wá. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde.

"Ó tó," ni adájọ́ wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ku ìlà méjì." Ó kà á: "Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹní rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í sí. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lórí rẹ̀."

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì buwọ́ lùwé ìdásílẹ̀. Mo sunkún ayọ̀ níwájú gbogbo wọn, ojú ò tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ la fi rìn lọ sí Nimbo. Kò sí pátákó tí Siaka ò kà sókè lọ́nà: ti onígbàjámọ̀, ti olóògùn, ti oní-fúlúkánáísà. A dé ibi ògiri kan tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ̀ síbẹ̀, bàbá kan sì dúró níbẹ̀, ó ń tọ̀. Siaka kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá náà fa ṣòkòtò sókè, ojú tì í. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ̀wé."

Siaka sún mọ́ ògiri, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó, bàbá. Ibí lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀."