Wọ́n Ní Orí Wa Kò Gbé Ìbò

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo dìbò nígbà tí Faransé ṣì ń pàṣẹ lé wa lórí.

Níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe gbogbo obìnrin ni wọ́n fún ní káàtì ìdìbò. Wọ́n ní kó ti bí ọmọ méjì, àfi bí ẹni pé ikùn lobìnrin fi ń ronú. Mo ti bí tó bẹ́ẹ̀, mo gba tèmi. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé àpótí wá láti ìlú Bassila sí Manigri níbí. Akọ̀wé kan fún wa ní ìwé méjì méjì: àwòrán ọkọ́ wà lára ọ̀kan, ti àtùpà wà lára èkejì. Ó ní ká wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta, ká ki èyí tó wù wá sínú àpò ìwé, ká ju èkejì nù.

Ká jù ú nù kẹ̀? Àwọn méjèèjì tó ń du ipò, ọlọ́kọ́ àti alátùpà, ti wá kí wa nílé, wọ́n mu omi wa. Ta ló ń ju ohun àlejò sílẹ̀? Tọkùnrin tobìnrin, ọ̀pọ̀ ló ki méjèèjì pọ̀, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n tú àpótí, akọ̀wé fi wá rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbò wa bàjẹ́, pé a ò lọ́gbọ́n. Ó gbọ́ Faransé dáadáa, ṣùgbọ́n kò bi wá léèrè ohun tó fà á.

Nígbà tí ìbò mìíràn ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí ilé wa, pe gbogbo àwa ìyàwó.

"Ẹ kó káàtì yín wá. Èmi ni n ó dìbò fún yín. Ẹ ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan."

Àwọn yòókù kó tiwọn fún un. Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi wà ní dídì létí ìró mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé ìwé kan ṣoṣo lẹ̀yin náà ki sí tiyín lọ́jọ́ náà?"

Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Kí nìwọ mọ̀ nípa òṣèlú?"

"Mo mọ̀ pé alátùpà padà wá kí wa lẹ́yìn ìbò. Ọlọ́kọ́ ò padà."

"Bó bá wá jẹ́ òmùgọ̀ lo yàn ńkọ́?"

"Bẹ́yin lẹ yàn án, bàbá, ṣé èmi ò ní í bá yín jìyà rẹ̀?"

Ó ní bí mo bá lọ, kí n má retí ebè iṣu lóko òun lọ́dún náà. Mo lọ. Mo ki àtùpà sínú àpò. Mo ká ti ọkọ́, mo fi í sẹ́sẹ̀ ògiri pẹ̀lẹ́. Mi ò jù ú nù.

Kò fún mi ní ebè lóòótọ́. Mo bá àwọn ẹbí mi roko lọ́nà Alédjo, àwọn ọmọ mi jẹ iṣu. Mi ò sọ pé kí òmùgọ̀ máa ṣolórí wa o. Ó yẹ kí olórí gbọ́n. Ṣùgbọ́n èmi tí òun yóò máa pàṣẹ lé lórí ni yóò wò ó bóyá ó gbọ́n.

Nígbà tí ìbò tó tẹ̀lé e dé, tí bàbá tún ní ká kó káàtì wá, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ pé òun ò ní í fún un ní tòun.