Ohun Tó Yẹ Kó Ṣáájú Nínú Ilé Bámiṣayọ̀

Ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá. Ìdí nìyẹn tí Bámiṣayọ̀ fi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tuntun ní Bwari, ní Àbújá, láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe, tí á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, tí á ní, "Olúwa, o ṣeun." Ilé ọ̀hún kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi yangàn o. Ẹni tó tà á fún wọn ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí ìlú rẹ̀, ó sì dà bíi pé ó kó gbogbo ohun tó dára níbẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn kíṣìnì kò ṣeé tì àfi kéèyàn fi ẹsẹ̀ tì í. Ọgbà kò sí rárá. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò a máa gba iwájú wọlé, wọn a gba ẹ̀yìn jáde, láìkí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ilé ni, tiwọn sì ni.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ti pẹ́ lọ́kàn Bámiṣayọ̀. Nígbà tó bí Kíkẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, màmá rẹ̀ wá láti Ìkọ̀lé-Èkìtì wá bá a wẹ ọmọ ní yàrá méjì tí wọ́n háyà ní Jahi, ní Àbújá kan náà. Màmá ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí onílé já wọlé, tó ń pariwo pé àlejò ti pọ̀ jù nínú ilé òun, pé omi òun ni wọ́n ń fi ṣòfò. Màmá gbé ọmọ kúrò nínú omi. Ó nu ọmọ, ó wọ aṣọ fún un, ó di ẹrù rẹ̀. Kó tó wọ mọ́tò, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò ní sùn nílé onílé mọ́ láyé òun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ní tirẹ̀, kó má wulẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kíkẹ́olúwa ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá báyìí, Màmá ò sì tíì tún fẹsẹ̀ kan Àbújá. Torí rẹ̀ gan-an ni Bámiṣayọ̀ ṣe ra ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé owó ilé ti wọ́n jù.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n lò níbẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀, Ọládùnjoyè, jókòó sórí àga oníke láti pinnu ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí agbára wọn ò lè ká ju iṣẹ́ kan lọ kí òjò tó dé. Ọládùnjoyè ní ọgbà ni, pé ilé tí kò lọ́gbà, olè ló ń pè. Bámiṣayọ̀ ní kíṣìnì ni, pé olè kì í jẹun nílé àwọn, àwọn ló ń jẹun níbẹ̀. Kíkẹ́olúwa fẹ́ kí wọ́n kun yàrá òun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ di yánpọnyánrin, Ọládùnjoyè dábàá pé kí wọ́n bi Màmá. Káfíńtà ni bàbá Bámiṣayọ̀ kó tó di olóògbé, Màmá sì ti bá a gbé pẹ́ tó láti mọ ibi tí ilé ti ń ṣàìsàn. Wọ́n fi fóònù ya gbogbo ilé náà, títí kan yàrá tí wọ́n ṣètò fún un, wọ́n sì fi fídíò ọ̀hún ránṣẹ́ sí fóònù pásítọ̀ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé kó lè fi hàn án.

Nígbà tí Màmá pè padà, Bámiṣayọ̀ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, Kíkẹ́olúwa ló gbé fóònù. Ẹ mọ àwọn ọmọ tí a tọ́ ní Àbújá: wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì ni. Ọmọ náà sáré jáde.

"Mọ́mì, Grandma ní ajá ni first o. Pé tí kò bá sí ajá tó dáa, àwọn ò lè sleep níbí."

Ó ya Bámiṣayọ̀ lẹ́nu. Màmá tí òun mọ̀, bó bá rí ajá ní ìkòríta, ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n Ọládùnjoyè ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, torí pé ajá súnmọ́ ọgbà ju kíṣìnì lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ lówùúrọ̀, yóò ṣẹ lálẹ́. Ó ní bóyá olè Àbújá ló ń ba Màmá lẹ́rù ju ajá lọ. Bámiṣayọ̀ gbà. Bí ó ṣe ń retí ìyá rẹ̀ tó, ká ní erin ni wọ́n ní Màmá béèrè, yóò wá a.

Paul, ọmọ ìjọ wọn tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Mpape, ló fún wọn ní akọ ajá dúdú kan tó ga dé itan. Yauwa, ìyẹn "o káre" lédè Hausa, ló sọ ọ́, torí pé ohun tí àwọn Hausa ibẹ̀ máa ń wí nìyẹn nígbàkígbà tó bá lé ewúrẹ́ jáde. Kò pẹ́ tó dé Bwari tí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò fi mọ̀ pé ilé ti ní onílé. Bámiṣayọ̀ fi ìdùnnú pe ìyá rẹ̀, ó ní àwọn ti ṣe ohun tí wọ́n ní káwọn ṣe, pé ó lágbára, pé kò sí ohunkóhun tó lè gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Màmá béèrè bóyá òjò ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Bámiṣayọ̀ ní òjò ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Màmá gbàdúrà títí, ó ní òun ń bọ̀.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò kúkú ti ṣú. Ọládùnjoyè ló lọ gbé e ní gáréèjì. Bámiṣayọ̀ ti wà níwájú ilé, ó ti tẹ́ ibùsùn, ó ti se ọbẹ̀. Màmá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, Yauwa sì sáré wá kí i. Ẹsẹ̀ yẹn padà sínú ọkọ̀ kíá, ilẹ̀kùn sì tì gbàgà.

"Bàbá Kíkẹ́, jọ̀ọ́, gbé mi padà sí gáréèjì."

Bámiṣayọ̀ sáré dé ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú eruku. Gbogbo ọdún tó fi ń du ara rẹ̀ nítorí ilé yìí wá sí i lọ́kàn, ó sì rí i pé gbogbo rẹ̀ fẹ́ já sí asán lẹ́nu ọ̀nà. Inú Màmá náà bàjẹ́. Ó béèrè láti ojú fèrèsé bóyá Bámiṣayọ̀ ti gbàgbé ohun tí òun máa ń sọ fún un, pé ajá ló lé òun ṣubú lójú ọ̀nà odò nígbà tí oyún rẹ̀ wà nínú òun.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kúkú ní ká wá ajá," ni Bámiṣayọ̀ wí.

"Èmi? Àjà ni mo wí. Àjà ulé, òkè yàrá tẹ́ ẹ fi hàn mí, tó ti pọ́n bí ẹ̀kọ tí epo ta sí. Mo ní tí kò bá sí àjà tó dáa, mi ò lè sùn ńbẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Kíkẹ́olúwa. Ọládùnjoyè bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ọkọ̀. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fa Yauwa lọ sẹ́yìnkùlé, ó so ó mọ́ igi máńgòrò, ó sì padà wá sójú fèrèsé ọkọ̀ pẹ̀lú omijé lójú.

"Grandma, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni."

Ẹkún yẹn ló mú Màmá sọ̀kalẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wọlé ni òjò bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n ṣètò fún un, Màmá gbójú sókè, ó mú ọ̀pá ìgbálẹ̀, ó fi ta àjà náà pẹ́pẹ́, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Pákó kan tó ti rà já wálẹ̀ sórí ìrọ̀rí tuntun, omi sì tẹ̀ lé e. Bámiṣayọ̀ ronú nípa ibi tí orí ìyá rẹ̀ ìbá wà. Ó ní, "Olúwa, o ṣeun," lójú gbogbo wọn.

Kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ọládùnjoyè jọ̀wọ́ ọgbà, Bámiṣayọ̀ jọ̀wọ́ kíṣìnì, wọ́n ní àjà ni yóò ṣáájú. Màmá mi orí.

"Àjà á ṣe ìkejì." Ó fa Kíkẹ́olúwa mọ́ra. "Ahọ́n ọmọ yìí la máa kọ́kọ́ tún ṣe. Èmi ni mo gba iṣẹ́ náà, mi ò sì ní padà sí Ìkọ̀lé títí n ó fi parí rẹ̀."

Wọ́n kó ẹrù Màmá lọ sí yàrá ọmọ. Bámiṣayọ̀ gbé báàfù sábẹ́ ibi tó ń jò, ó kúnlẹ̀ tì í. Láti yàrá kejì ó ń gbọ́ wọn, àgbà ń pè é, ọmọ ń gbà á: ajá, àjà, ajá, àjà. Kíkẹ́olúwa tún ṣì í, Màmá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bámiṣayọ̀ ò dìde. Ó ń dúpẹ́, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ òun má tètè mọ̀ ọ́n.